Ọ̀rọ̀ Àárín Orin

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ pé mo mọ iṣẹ́ mi. Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí máa pè mí ní aláìmọ̀kan. Láti ọdún 1986 ni mo ti ń gba orin sí kásẹ́ẹ̀tì ní Sábó, ní Ṣàgámù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí àwọn oníṣòwò obì ń kó ẹrù sí. Kí o tó gbọ́ orin nínú ṣọ́ọ̀bù mi, òórùn ewé tí wọ́n fi ń di obì ti kí ọ káàbọ̀. Àwọn awakọ̀ tírélà tó ń gbé obì lọ sí Kánò kì í kọjá láìyà lọ́dọ̀ mi, nítorí wọ́n mọ̀ pé kásẹ́ẹ̀tì Tàjúdéènì mọ́.

Kí ló túmọ̀ sí pé kásẹ́ẹ̀tì mọ́? Ó túmọ̀ sí pé kò sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ mọ bí àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ṣe máa ń ṣe. Orin dáadáa á ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kí ìyàwó ọ̀gá wọn, wọ́n á kéde òkú, wọ́n á polówó ọṣẹ. Èmi kì í gbà á fún wọn. Bí mo bá ń gba orin láti orí rédíò, ìka mi máa ń wà lórí bọ́tìnì pọ́ọ̀sì tó ń dá téèpù dúró látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bí ẹnì kan bá ti lanu, mo ti tẹ̀ ẹ́. Bí orin bá ti padà, mo ti gbé ìka kúrò. Orin á kan orin, o ò ní mọ ibi tí mo ti gé e. Mo tilẹ̀ kọ ọ́ sára pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù mi pé: KÒ SÍ Ọ̀RỌ̀, ORIN NÌKAN. Pátákó náà ti wà nínú ilé báyìí, mo dojú rẹ̀ kọ ògiri.

Oníbàárà mi kan wà tó ń jẹ́ Ellen. Tísà ni ní Ìlíṣàn, ṣùgbọ́n Ìròlú ni òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé. Ìjọ Àdífẹ́ǹtì ni wọ́n, àwọn tó jẹ́ pé bí oòrùn bá ti wọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, wọn ò ní rà, wọn ò ní tà, wọn ò ní tan rédíò, títí oòrùn ọjọ́ Sátidé yóò fi wọ̀. Ó máa ń ra kásẹ́ẹ̀tì àwọn akọrin ìjọ lọ́wọ́ mi, ó sì máa ń pè mí ní Bọ̀ọ̀dá Tàjù bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kàwé jù mí lọ fíìfíì. Èmi náà ń pè é ní Àǹtí.

Ní ọjọ́rú kan nínú oṣù kẹjọ ọdún 1995, ó wọ ṣọ́ọ̀bù mi, kò ra nǹkan kan. Ó kàn dúró síwájú tábìlì, ó ń fi ọwọ́ to àwọn kásẹ́ẹ̀tì tí mo ti tò tẹ́lẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá Tàjù, ṣé ẹ mọ Sàláwù àti Fábíyìí?"

Ta ni yóò ní òun kò mọ̀ wọ́n? Ọmọ ọdún méje ni mí ní Ìwó nígbà tí wọ́n kú, mo sì rántí pé bàbá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà, kò jẹun. Sàláwù ọmọ Ṣàgámù, òun ló ń ta àgídìgbo, tó ń kọrin. Fábíyìí ọmọ Ìròlú, òun ni èkejì rẹ̀. Ní 1964, ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gbé wọn bọ̀ láti Ìbàdàn ré sí kòtò nítòsí Ìpara, àwọn méjèèjì sì bá a lọ lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n ní wọn ò ná ọjà ní Ṣàgámù fún odindi ọjọ́ méjì. Wọn ò ṣe àwo orin kankan kí wọ́n tó kú, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò fi mọ̀ wọ́n. Ẹnu àwọn àgbàlagbà ni orin wọn kù sí. Bàbá mi máa ń fi imú kùn ún bó bá ń pa okùn. Orin nìkan ni mo sì mọ̀ nípa wọn, nítorí èèyàn kì í fi imú kun ọ̀rọ̀.

"Fábíyìí ni bàbá mi," Ellen wí.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga. Ọdún márùn-ún tí a ti jọ ń ra tí a jọ ń tà, kò sọ ọ́ rí.

"Oyún mi pé oṣù méje nígbà tó kú. Mi ò rí i, mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Fọ́tò kan ṣoṣo ló wà nílé, ẹnu rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ nínú fọ́tò náà. Láti kékeré ni mo ti ń wo ẹnu yẹn, Bọ̀ọ̀dá. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń tibẹ̀ jáde."

Ó ní ilé iṣẹ́ rédíò kan ti kéde pé àwọn rí téèpù àtijọ́ kan, ti eré tí Sàláwù àti Fábíyìí ṣe kẹ́yìn ní Ìbàdàn, lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n kú gan-an. Wọ́n á gbé e sáfẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní agogo mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé.

Ó pe Sátidé yẹn bí ẹni pe orúkọ ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́. Mo bi í pé kí ni ìyá rẹ̀ sọ sí i.

"Màámi ní bàbá mi ti kú lọ́dún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, pé Ọlọ́run kò kú. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì ni a máa wà lágogo mẹ́wàá." Ó tún kásẹ́ẹ̀tì kan tò. "Ṣùgbọ́n ẹ̀wà ni wọ́n ń ṣà nígbà tí ìkéde náà jáde. Ọwọ́ wọn dúró sínú àtẹ títí ìròyìn fi parí."

Mo dúró kó ní kí n bá òun gbà á sílẹ̀. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ń wo ilẹ̀, ó ń wo òkè. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé mi. Nínú òfin wọn, ìwọ kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe é, àlejò tó wà nínú ọgbà rẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe é pẹ̀lú. Bó bá rán mi níṣẹ́, òun ló ṣiṣẹ́. Èmi Mùsùlùmí ará Ìwó ni àlejò inú ọgbà.

Mo ní, "Àǹtí, mo máa ń ṣí ṣọ́ọ̀bù mi ní Sátidé. Rédíò mi máa ń wà ní títàn. Ohun tó bá wù mí ni mo máa ń gbà sílẹ̀."

Omi lé ròrò sí i lójú. "Mi ò rán yín o."

"Ẹ ò rán mi."

"Mi ò sì ní lè sọ bí ẹ ó ṣe ṣe é fún yín."

"Ṣé èmi Tàjù lẹ fẹ́ kọ́ níṣẹ́ kásẹ́ẹ̀tì?" Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn, bí wọ́n bá ń ra nǹkan padà láyé yìí, ǹ bá ti rà á padà.

Ní Sátidé, mo jí bí ẹni tó ń lọ ìgbéyàwó. Mo fi òwú àti sípíríìtì nu orí ẹ̀rọ. Mo já kásẹ́ẹ̀tì tuntun nínú ọ̀rá, kì í ṣe èyí tí mo máa ń tún lò. Mo fi bátìrì mẹ́fà sínú rédíò kí iná má baà já mi kulẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo sì sọ fún àwọn alóbì ìta pé ẹni tó bá kàn án kí n tó ṣí i, èmi àti ẹ̀ ni.

Agogo mẹ́wàá lù. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìsọkúsọ rẹ̀, ìka mi wà lórí pọ́ọ̀sì. Nígbà tí àgídìgbo dún, mo gbé ìka kúrò, Sàláwù sì bẹ̀rẹ̀ orin. Orí mi wú. Orin tí bàbá mi ń fi imú kùn nídìí okùn ni, ó wá ń ti ẹnu ẹni tó ni ín jáde. Mi ò tijú láti sọ pé mo sunkún. Ẹnì kan ń gbè é lẹ́yìn, ohùn rẹ̀ dùn, mo ní nínú ara mi pé Fábíyìí nìyẹn, bàbá Ellen nìyẹn, mo sì yí ohùn sókè díẹ̀ kí ó lè wọlé dáadáa.

Orin parí. Ọkùnrin kan gba ẹ̀rọ ìsọ̀rọ̀ níbẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀, àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Mo tẹ pọ́ọ̀sì. Mo rò pé ẹni tó ń darí ètò níbẹ̀ ni. Ohùn rẹ̀ há díẹ̀, ó sì ń fa ọ̀rọ̀. Ó sọ títí, mo ń wo aago. Orin kejì bẹ̀rẹ̀, mo gbé ìka kúrò. Ó parí, ọkùnrin náà tún gbé e. Báyìí ni a ṣe é, ìgbà márùn-ún. Nígbà kẹrin, mo pòṣé. Mo ní, "Bàbá yìí, ẹnu rẹ kì í sinmi ni? Jẹ́ kí ọkùnrin yìí kọrin." Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́.

Kí orin tó kẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀, mo gbé ìka kúrò ní kánjúkánjú, ariwo àwọn èèyàn sì bọ́ sínú rẹ̀ díẹ̀. Wọ́n jọ pariwo nǹkan kan, ìparí rẹ̀ nìkan ló wọlé: "... ọ̀ o!" Inú bí mi. Mo ní àbàwọ́n kan ṣoṣo tó wà nínú iṣẹ́ náà nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni mo ṣẹ́ eyín kékeré méjèèjì tó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì, kí bọ́tìnì pupa tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀ má baà wọlẹ̀ mọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣèèṣì gba nǹkan mìíràn lé e lórí.

Nígbà tí oòrùn wọ̀, mo ti wà ní Ìròlú. Ọ̀kadà ló gbé mi wọlé, kásẹ́ẹ̀tì wà nínú àpò àyà mi, ẹ̀rọ wà lórí itan mi. Ellen ń dúró sójúde. Ìyá rẹ̀ jókòó nínú pálọ̀, Bíbélì ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Adétóun ni orúkọ ìyá náà, mo gbọ́ ọ lẹ́nu aládùúgbò kan tó kí i lójú fèrèsé. Màmá ni èmi ń pè é. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tí kì í rẹ́rìn-ín lásán. Rẹ́mọ pọ́nbélé ló máa ń sọ. N ó máa kọ ọ́ bó ṣe yé èmi ará Ìwó, yàtọ̀ sí 'éè' àti 'mée' rẹ̀, tó túmọ̀ sí 'kò' àti 'mi ò'.

Bí mo ṣe ń wọlé, mo fẹ́ ti ilẹ̀kùn kí afẹ́fẹ́ má baà da ohùn rú.

"Fi sílẹ̀," Màmá wí.

Ellen rẹ́rìn-ín. "Ẹ má dá ara yín láàmú. Gbogbo Ìròlú ló ti fi irin sẹ́nu ọ̀nà nítorí àwọn olè, Màámi kì í ti ilẹ̀kùn. Ọ̀sán àti òru ló ń wà báyìí. A ti jà á títí, ó ti sú mi."

Lóòótọ́, irin ìdábùú kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà. Ó ti dípẹtà mọ́ ojú ihò rẹ̀.

Mo tẹ ẹ̀rọ. Sàláwù bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin nínú pálọ̀ náà, mo sì rí i tí ojú Màmá rọ̀. Ó pa á dé. Ó ń fi ìka lu apá àga. Ellen jókòó sílẹ̀, ó di orúnkún ara rẹ̀ mú.

"Màámi, èwo ni?"

"Éè tíì sọ̀rọ̀," Màmá wí.

Èmi wá na ìka, mo ní, "Òun ló ń gbè é yẹn, Àǹtí. Ẹ gbọ́ bó ṣe dùn."

Màmá kò la ojú. "Ọmọ Ìpẹru kan nìyẹn. Fábíyìí éè lè kọrin. Bó bá kọrin, Sàláwù á ní kó dákẹ́. Dúró. Bí orin yìí bá parí."

Orin parí. Orin kejì kàn án lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó mọ́ rekete, o ò lè mọ ibi tí mo ti gé e.

Màmá la ojú. "Wọn éè ṣe é báyìí. Orin kan, ọ̀rọ̀ kan ni. Sàláwù á kọrin, Fábíyìí á sọ̀rọ̀. Ìdí ọ̀rọ̀ ni àwọn èèyàn fi ń wá."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára díẹ̀díẹ̀. Mo jẹ́ kí ẹ̀rọ máa lọ, nítorí mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe mìíràn. Orin kẹta wọlé, orin kẹrin kàn án. Ellen ń wo ẹnu ẹ̀rọ náà bí ó ṣe máa ń wo fọ́tò, ó ń dúró. Kí orin tó kẹ́yìn tó wọlé, ariwo kékeré yẹn jáde: "... ọ̀ o!"

Màmá dìde dúró. "Dá a padà."

Mo dá a padà. "... ọ̀ o!" Ó ní kí n tún dá a padà. Bóyá ẹ̀ẹ̀mẹwàá la gbọ́ ọ, ariwo tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Lẹ́yìn náà ló jókòó títí orin fi tán.

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, ìka àti pọ́ọ̀sì, títí kan òṣé tí mo pa. Mo rò pé Ellen yóò pariwo lé mi lórí, ó sì tọ́ sí mi. Kò pariwo.

"Ṣé ẹ gbọ́ ọ?" ló bi mí.

"Mo gbọ́ ọ."

"Báwo ni ohùn rẹ̀ ṣe rí?"

"Ó há díẹ̀."

"Ó há?" Ó ronú sí i. "Mo ti máa ń rò pé ó tín-ín-rín ni." Nígbà náà ni omijé rẹ̀ dà. "Èmi ni mo fà á, Bọ̀ọ̀dá. Mo fẹ́ sọ fún yín pé òun ni ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ó wà lẹ́nu mi. Mo ní bí mo bá sọ ọ́, mo ti rán yín níṣẹ́ nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju bó bá gbá mi létí lọ. Ó ń bẹ̀rù kó má ba Ọjọ́ Ìsinmi jẹ́, èmi sì ń bẹ̀rù kí n má ba kásẹ́ẹ̀tì jẹ́.

Ní ọjọ́ Ajé, mo wọ ọkọ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò náà. Ọkùnrin tó mú mi wọlé ṣe mí dáadáa. Ó gbé páálí kan jáde, ó ṣí i. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni téèpù ńlá ayé àtijọ́ tí ó ti rún wẹ́wẹ́, àwọ̀ rẹ̀ bí ewé gbígbẹ. Ó ní àwọn ti mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kù fún un. Bó ṣe ń dún ló ń já, ẹ̀rọ tí àwọn ì bá fi gbà á sílẹ̀ sì ti bàjẹ́, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe. Mo padà sí Ṣàgámù, mo lọ bá gbogbo àwọn tó ń gba kásẹ́ẹ̀tì láti Sábó dé Mákún. Mẹ́ta nínú wọn ló gba eré náà sílẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gé ọ̀rọ̀ kúrò. Iṣẹ́ kan náà la jọ kọ́.

Mi ò fẹ́ lọ sí Ìròlú mọ́, ká sọ tòótọ́. Ìtìjú ò jẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́bọ̀, Ellen ya ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní ìyá òun ń pè mí, kí n gbé ẹ̀rọ mi dání. Mo gbé e, mo fi kásẹ́ẹ̀tì náà sínú rẹ̀ bó ṣe wà. Ìrọ̀lẹ́ ni mo débẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ bí ó ti ń wà.

"Tàjù, jókòó," Màmá wí. "O gbọ́ ohun tó sọ. Sọ ọ́ fún mi."

"Màmá, mi ò fetí sí i dáadáa."

"Sọ èyí tó kù."

Ẹ̀yin náà ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò. Ẹ gbìyànjú láti rántí ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ń lé lọ nígbà tí ó ń lọ. Mo di ojú mi. Mo ní, "Ó sọ̀rọ̀ nípa òógùn. Pé Sàláwù ń kọrin, òun ń làágùn..."

"Éè ṣe báyẹn," Màmá já lù mí. "O ń kánjú. Á kọ́kọ́ nu ojú rẹ̀ ná. Á wo Sàláwù. Á wo àwọn èèyàn." Ó yí ara rẹ̀ padà lórí àga. Ohùn rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó há díẹ̀, ó sì ń fa ọ̀rọ̀, gbogbo irun ara mi sì dìde, nítorí mo ti gbọ́ ohùn náà rí. "'Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará Ìbàdàn. Sàláwù ló ń kọrin. Èmi ló ń làágùn.'"

Ellen gbé orí sókè.

"Kí ló tún sọ?" Màmá bi mí.

"Ó ní... ìyàwó òun ní kí òun má pẹ́. Òun ní ìgbà wo lòun pẹ́ rí..."

Màmá gbà á lẹ́nu mi, ó ń bá a lọ nínú ohùn yẹn: "'Mo ní, ìgbà wo ni mo pẹ́ rí? Ó ní, àná. Mo ní, yàtọ̀ sí àná ńkọ́? Ó ní, ìjẹta. Mo ní, à ń sọ ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó ní, èwo nínú ọjọ́ méjèèje? Mo rí i pé obìnrin yìí ní ìwé kan níbi tó ń kọ mí sí. Mo bá sáré wọ ọkọ̀.'"

Ellen bú sẹ́rìn-ín. Mi ò gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó di ẹnu rẹ̀ mú kó má baà di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ọwọ́ mi sáré lọ sórí bọ́tìnì pupa. Mo tẹ̀ ẹ́. Kò wọlẹ̀. Mo tún un tẹ̀. Eyín kásẹ́ẹ̀tì tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣẹ́ ni. Mo mọ̀ pé bébà díẹ̀ ni wọ́n ń fi dí i, kò ju ìṣẹ́jú kan lọ, ṣùgbọ́n màá dìde, màá wá bébà, màá sì ní kí Màmá dúró ná. Mo gbé ọwọ́ mi kúrò, mo jókòó, mo fetí sí i. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo fetí sí ọ̀rọ̀ láàárín orin láti ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí.

Màmá sọ èyí tó pọ̀. Ibi tí mo bá ti rántí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, á gbà á, á sì parí rẹ̀. Nígbà tó yá, mo ní, "Lẹ́yìn náà ló sọ nǹkan kan nípa ilẹ̀kùn. Ìgbà yẹn ni àwọn èèyàn pariwo."

Ohùn ara rẹ̀ gan-an ni Màmá fi sọ̀rọ̀ nígbà tó tún lanu.

"Bó ṣe máa ń parí rẹ̀ nìyẹn. Níbi gbogbo tí wọ́n bá ti ṣeré. 'Adétóun, má ti ilẹ̀kùn o. Mo ń bọ̀.' Àwọn èèyàn á dáhùn pé, 'Ó ń bọ̀ o!' Mée sì í ti ilẹ̀kùn. Bó ti wù kó pẹ́ tó."

Ellen ń wò ó. Ó dájú pé òun náà kò gbọ́ èyí rí.

"Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a bá jà, éè ní dárúkọ mi. Á ní, 'Ẹni tó wà nílé, bó bá wù ọ́, ti ilẹ̀kùn. Mo ń bọ̀.' Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á dáhùn bákan náà. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ìjà ni." Ó ń fi ọwọ́ tẹ́ aṣọ itan rẹ̀. "A jà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo ní mo ti lóyún oṣù méje, mo ní kó má lọ. Ó lọ. Mo ní kó má padà wá. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, mo ti ilẹ̀kùn, Tàjù. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo tì í nìyẹn. Mo sùn, mo ń dúró kó wá kàn án, kí n lè jẹ́ kó dúró díẹ̀ kí n tó ṣí i. Ilẹ̀ mọ́, àwọn ará Ìpara ló kàn án."

Níta, ẹnì kan ń pe ewúrẹ́ wọlé.

"Ìwọ nìkan lo gbọ́ ọ," Màmá wí. "Éè sí ẹlòmíràn tí mo lè bi. Lọ́jọ́ yẹn, èwo ló sọ? Ṣé ó dárúkọ mi?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, nítorí mi ò sọ ọ́ fún un. Mi ò mọ̀. Mo wá inú orí mi títí. Ilẹ̀kùn wà níbẹ̀, ariwo wà níbẹ̀, òṣé tèmi wà níbẹ̀. Orúkọ kò sí. Bóyá ó pè é, tí mo sì ń wo aago. Bóyá kò pè é. Títí di òní, mo ṣì máa ń jí lójijì, màá máa wá a.

"Ó dárúkọ yín, Màmá," mo wí. "Adétóun ló pè."

Ó wò mí lójú. Ó pẹ́ tó ń wò mí. "Ṣé o éè parọ́ fún mi?"

"Mi ò parọ́ fún yín."

Ó mi orí lẹ́ẹ̀mejì. Kò sunkún. Ó kàn gbé Bíbélì tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì, ó ní kí Ellen wá nǹkan fún mi kí n tó máa lọ. Mo ní mi ò lè jẹun. Mo gbé ẹ̀rọ mi, mo sì fi kásẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ fún wọn, nítorí orin Sàláwù ṣì wà nínú rẹ̀. Agogo méje ti ń lọ lù, gbogbo ilé àdúgbò ti ń ti ilẹ̀kùn wọn.

Mo ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ohùn Màmá lẹ́yìn mi, jẹ́ẹ́jẹ́.

"Ellen. Ti ilẹ̀kùn."

"Màámi?"

"Tì í."

Mo dúró sínú òkùnkùn níbẹ̀, ẹ̀rọ wà lábẹ́ apá mi. Irin náà ti dípẹtà, kò fẹ́ lọ. Mo gbọ́ tí Ellen ń fi ọwọ́ gbá a, tó sinmi, tó tún gbá a. Nígbà tó yá, ó wọlé sínú ihò rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀kadà tó máa gbé mi padà sí Ṣàgámù.